Ọjọ́ Tí Mo Mú Màmá Lọ sí Perga

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: omi òkun ni èmi bá lọ sí Tọ́kì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ alẹ́ léraléra nílé ìwòsàn kí wọ́n tó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Ohun tí mo ń wá kò ju kí n nà gbalaja sórí iyanrìn ní Antalya, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Màmá ló ba ètò náà jẹ́.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Manchester. Kí wọ́n tó wá, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Iléṣà. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń polówó ìrìn-àjò níwájú òtẹ́ẹ̀lì na ìwé pélébé kan sí wa, "Perge, Aspendos, Side, ọjọ́ kan ṣoṣo", Màmá gbà á, wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Àdùkẹ́, ṣé kì í ṣe Perga ti Pamfilia nìyí?"

Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fi owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ṣòfò.

Òótọ́ sì ni. Ibẹ̀ náà ni. Nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 13, láti erékùṣù Kipru ni Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ti wọkọ̀ débẹ̀, ibẹ̀ ni Jòhánù Máàkù sì ti fi wọ́n sílẹ̀, tó gba ilé lọ sí Jerúsálẹ́mù. Màmá kò tíì dárí ji ọmọ náà títí di òní. Mo san owó, kò tó 40 yúrò lórí ẹnì kan, mo rò pé a rí ọjà ọ̀pọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ lórí ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì kékeré kan ń ti òtẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kó èrò bí ọkọ̀ tó ń wá èrò ní Ojúẹlẹ́gba. A di mẹ́tàdínlógún. Afinimọ̀nà wa fi káàdì ìjọba kọ́ ọrùn, nítorí ní Tọ́kì, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ fi àlejò mọ̀nà. Bó ṣe rí Màmá, ó dì wọ́n lọ́wọ́ mú gòkè, ó sì pè wọ́n ní "teyze". Ó ní bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni nìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé wọn kì í pe àgbà lórúkọ gán-ín. Màmá yí sí mi: "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́."

Perge kò jìnnà sí Antalya, bíi kìlómítà 17 ni. Ohun tí èèyàn kọ́kọ́ rí ni pápá ìṣeré tó gùn ju mítà 230 lọ, tí bí 12,000 èèyàn lè jókòó sí. A kàn gbà á kọjá ni. Níwájú ni ilé ìṣọ́ méjì róbótó wà, òkúta wọn pupa ràkọ̀ràkọ̀, òkè wọn ti wó. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí a tó bí Jésù. Lẹ́yìn wọn ni afinimọ̀nà dúró sí, tó sọ ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Plancia Magna.

Ní nǹkan bí ọdún 120 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, obìnrin yìí fi owó ara rẹ̀ tún ẹnu ibodè ìlú ṣe. Àlùfáà òrìṣà Átẹ́mísì ni, wọ́n sì fi oyè tó ga jùlọ nínú ìlú dá a lọ́lá. Ó gbé ère àwọn èèyàn pàtàkì sínú ògiri, ti bàbá rẹ̀ àti ti arákùnrin rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Sẹ́nétọ̀ ní Róòmù ni bàbá yìí o! Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbẹ́ sísàlẹ̀ ère rẹ̀ ni pé òun ni "bàbá Plancia". Arákùnrin sì di "arákùnrin Plancia". Àwọn ará Jámánì inú ọkọ̀ wa rẹ́rìn-ín, ó yà wọ́n lẹ́nu. Kí ló wá yani lẹ́nu níbẹ̀? Títí tí bàbá mi fi kú, Bàbá Àdùkẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

"Ìyálóde ni," Màmá wí, bí ẹni pé wọ́n ti pàdé rí.

Láti ibẹ̀, títì ńlá kan lọ gbọnrangandan dé ẹsẹ̀ òkè, òpó tò sí ọ̀tún àti òsì. Láàárín títì náà, wọ́n la ojú omi kan tó fẹ̀. Mo pè é ní gọ́tà, afinimọ̀nà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Kì í ṣe gọ́tà. Omi mímọ́ ló ń bọ̀ láti orísun tí wọ́n kọ́ sí ẹsẹ̀ òkè, lábẹ́ ère òrìṣà odò Kestros tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wọ́n wá ń ṣe ìdènà sí ojú omi náà léraléra kí omi lè máa dà yàà láti ìpele dé ìpele, kí títì lè tutù. Nínú oòrùn oṣù kẹsàn-án tó ń jó wa lórí, mo gbà pé ọgbọ́n ni wọ́n gbọ́n.

Orúnkún Màmá ti ń pariwo. Wọ́n jókòó sórí òpó kan tó ti ṣubú. Níwájú ẹsẹ̀ wọn, òkúta títì ti jẹ wọnú níbi méjì, ìlà méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ipa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù. Wọ́n ti àtẹ́lẹwọ́ bọ inú ọ̀kan, ó bá a mu rẹ́gí. Wọn kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n ní kí n dúró ná.

Ìgbà náà ni afinimọ̀nà wo aago. Ogójì ìṣẹ́jú ti pé.

Ogójì ìṣẹ́jú fún odidi ìlú! Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ibi tí a sáré lọ: ṣọ́ọ̀bù góòlù. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la lò níbẹ̀. Wọ́n gbé tíì wá nínú ife gíláàsì kékeré, wọ́n pín wa fún àwọn tó ń tajà, ẹnì kan tẹ̀lé èmi kiri títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sá wọ ilé ìyàgbẹ́. Ó wá yé mi ìdí tí owó ọkọ̀ fi rọjú: kọmíṣọ̀n tí wọ́n ń gbà lórí ohun tí a bá rà níbẹ̀ ló ń dí àlàfo. Owó ìwọlé sí àwọn ahoro náà kò sì sí nínú ohun tí mo san. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tọwọ́ bàpò: ṣọ́ọ̀bù mélòó la máa yà? Ta ló ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lágbára lè wọ tíráàmù láti Antalya dé Aksu, kó rìn tó kù, kó lo gbogbo ọjọ́ ní Perge. Màmá ní tiwọn jókòó sórí àga, wọ́n mu tíì mẹ́ta, wọ́n sì sọ fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pé góòlù Ṣàngámù dára ju tirẹ̀ lọ. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ góòlù Ṣàngámù.

Ní Aspendos, inú mi rọ̀ díẹ̀. Ilé ìwòran tó wà níbẹ̀ pé pérépéré. Láyé Marcus Aurelius, olú ọba Róòmù, ni wọ́n kọ́ ọ, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, ọmọ ìlú náà kan tó ń jẹ́ Zeno ló sì yàwòrán rẹ̀. Àwọn Séljúkì, ìyẹn àwọn Tọ́kì tó jọba lẹ́yìn náà, ń lò ó, wọ́n ń tún un ṣe, ìyẹn ni kò jẹ́ kó wó. Afinimọ̀nà ní kí ẹni tó bá lóhùn lọ sórí pèpéle. Gbogbo èèyàn ń wojú ara wọn.

Mo ti gun àtẹ̀gùn dé ìlà òkè pátápátá kí n tó rí i pé Màmá ló dúró sísàlẹ̀ yẹn, tí wọ́n kéré bí èso kọfí nínú àdìrẹ wọn. Wọ́n gbé orin ìsìn kan. Wọn kò pariwo. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, àní mo gbọ́ ibi tí wọ́n ti mí sínú láàárín ìlà kejì àti ìkẹta.

Ní Side, òpó funfun márùn-ún ti tẹ́ḿpìlì Àpólò ló dúró lẹ́bàá òkun, fóònù sì pọ̀ níbẹ̀ ju òpó lọ. Afinimọ̀nà sáré mẹ́nu kàn án pé níbí ni àwọn olè ojú omi láti Silísíà ti ń ta àwọn tí wọ́n bá jí kó lójú òkun. Màmá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. "Bíi Badagry," wọ́n wí, wọ́n sì yí ojú sí òkun fún ìgbà díẹ̀. Kí a tó wọkọ̀, mo ra oje èso kan fún wọn, èso tí Side ti gba orúkọ. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé pomegranate nìyẹn, wọ́n ní kí ọmọ tó ń tà á gé ọ̀kan sí méjì kí wọ́n rí inú rẹ̀. Àti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń kà á pé wọ́n fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìṣẹ́tí aṣọ Áárónì. Ó ń bẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì wa ní Manchester, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lálẹ́, mo fi omi gbígbóná ra orúnkún wọn. Wọ́n ṣí Bíbélì, wọ́n ń kà á sókè bí ìṣe wọn, títí wọ́n fi dé ibi tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ti padà wá wàásù ní Perga, tí wọ́n wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Attalia láti wọkọ̀ ojú omi.

"Attalia," wọ́n wí. "Ìyẹn ńkọ́? Ṣé ó jìnnà síbí? Bóyá kí a lọ lọ́la."

Mo ń wo tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí kọ́kọ́rọ́ yàrá wa wà, tí wọ́n kọ Antalya sí gàgàrà.

"Màmá," mo ní, "ibẹ̀ lẹ sùn sí yìí."