Ọkọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà, tó wá di ọkọ

Sátidé tó kọjá mo tún lọ ṣe lẹ́sìn fáwọn ọmọ SS2 mi, mọ́kànlá péré ló wá torí òjò, tọ́píìkì tó sì kàn ni bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, èyí tí ìwé ń pè ní communication models. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ rí á rántí, wọ́n á ya àpótí márùn-ún mẹ́fà sójú bóòdù, wọ́n á fi ọfà so wọ́n pọ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ há a sórí. Èmi náà há a nígbà tèmi, mo gba máàkì lórí ẹ̀ gan-an, kò sì yé mi rárá.

Mo bá ní a ò ní ya nǹkan kan. Mo pe ọmọ àkọ́kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo sọ ọ́ sí i létí pé: "Ìyá Súlè fẹ́ lọ gba ọkọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀." Ọkọ́ o, èyí tí wọ́n fi ń kọ ebè. Mo ní kóun náà sọ ọ́ sí ẹni kejì létí, ẹni kejì sí ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń han lọ ní tiẹ̀. Ìgbà tó máa dọ́dọ̀ ẹni kọkànlá, ọmọbìnrin yẹn fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó kọ́kọ́ wò mí bóyá kóun sọ ọ́ àbí kóun má sọ ọ́, ló bá ní: "Àǹtí, wọ́n ní Ìyá Súlè ti gba ọkọ Ìyá Bọ́sẹ̀!" Kíláàsì dàrú. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń sọ lẹ́yìn pé òun mọ̀ pé obìnrin yẹn ò dáa, Ìyá Súlè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ láti orí ara mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn.

Gbogbo wọn ló di ẹ̀bi ru jẹnẹrétọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti wá mú Claude Shannon wọlé, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ilé ìwádìí àwọn tó ni tẹlifóònù nígbà náà, tó gbé ìwádìí ẹ̀ jáde lọ́dún 1948, kí Warren Weaver tó bá a ṣàlàyé ẹ̀ di ìwé lọ́dún 1949. Àpótí tiẹ̀ ni gbogbo wa ń há: ibi tọ́rọ̀ ti wá, ohun tó ń sọ ọ́ di iná wáyà, ojú ọ̀nà, ohun tó ń tú u padà, àti ẹni tó ń lọ bá. Ariwo wà láàárín, ó ń ba nǹkan jẹ́ lójú ọ̀nà. Jẹnẹrétọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ewé àkọ́kọ́ ni bàbá yẹn ti sọ ọ́ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ò kan iṣẹ́ ẹnjiníà, ká ṣáà ti gbé e délé bó ṣe jáde. Àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ kì í sábà sọ ìyẹn fún wa, wọ́n á gbé àwòrán wáyà lé wa lọ́wọ́, wọ́n á ní báyìí ni èmi àti ìyá mi ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo ní kí wọ́n gbọ́wọ́ lé ọ̀fun, kí wọ́n pe "ọkọ́" ketekete, ọ̀fun gbọ̀n. Mo ní kí wọ́n wá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ síra wọn létí lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ̀n mọ́. Gbígbọ̀n yẹn ló ń gbé òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn dání. Tó o bá ń sọ̀rọ̀ sí èèyàn létí, kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì á débẹ̀, ohùn á jókòó sọ́nà, àwa tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jẹ́ nǹkan mẹ́rin fún, a gbé nìyẹn. Ẹ wá wo dùndún, òun yí i padà pátápátá, tí wọ́n bá fún okùn ẹ̀, ohùn nìkan ló ń gbé, kò ní kọ́ńsónáǹtì kankan lẹ́nu. Ilé, owó, ojú, etí, imú, ọkọ́, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe máa dún. Ìdí nìyẹn tí àyàn tó mọṣẹ́ kì í fi ìlù sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó dákẹ́, á gbé oríkì tàbí òwe tó gùn jáde, kí èyí tó kù lè tanná sí èyí tó rúni lójú. Shannon náà ṣírò irú ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní bí ìdajì ohun tí wọ́n ń kọ ló jẹ́ àsọtúnsọ tó ń gba ìyókù là. Àwọn àyàn ò dúró de ìṣirò yẹn.

A wá tọpasẹ̀ ẹ̀, ká mọ ẹni tó bà á jẹ́. Ọmọkùnrin kẹrin ló jẹ́wọ́, ó ní òun gbọ́ "gba ọkọ" tí kò ní ohùn lórí, òun wá rò ó pé ta ló ń lọ gba ọkọ́ lọ́wọ́ èèyàn? Kò dì í mú rí láyé ẹ̀. Fíìmù tí wọ́n ń wò nílé, ọkọ ni wọ́n máa ń gbà níbẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọmọ yẹn, torí ohun tí Wilbur Schramm, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún 1954 nìyẹn: olúkúlùkù ló ní agbo ohun tójú ẹ̀ ti rí, ibi tí agbo tèmi àti tìẹ ti wọnú ara wọn nìkan lọ̀rọ̀ ti lè yéra. Àwọn bàbá wa tó ń fi àrokò ránṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà sí ẹ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra. Fi mẹ́fà yẹn ránṣẹ́ sẹ́ni tí ò gbọ́ Yorùbá, á kà á, á pé mẹ́fà, ó parí.

Ti Harold Lasswell, onímọ̀ òṣèlú ará Amẹ́ríkà, mi ò pẹ́ níbẹ̀: ta ló sọ ọ́, kí ló sọ, ibo ló gbà sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ fún, kí ló dá sílẹ̀. Ọdún 1948 lòun náà, ó sì dáa gan-an fún fọ́wáàdì WhatsApp jàre. David Berlo ti 1960, kí wọ́n ṣáà mọ SMCR ẹ̀ fún ìdánwò, ìyẹn source, message, channel, receiver: ẹni tó sọ ọ́, ọ̀rọ̀, ọ̀nà tó gbà, ẹni tó gbọ́ ọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Dean Barnlund, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ mìíràn, 1970, tó ní kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kejì, àwa méjèèjì là ń sọ tá a tún ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi nìyẹn lórí fóònù. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ tí mi ò ṣe "ẹn… ẹn-ẹn… háà" sí i bó ṣe ń lọ, ká dákẹ́ díẹ̀ báyìí, "Hẹ́lòó? Hẹ́lòó? Ṣó o ti gé e ni?" Àbí bí ọmọ ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá ẹ̀, tí ìyá ti bẹ̀rẹ̀ oríkì kí orúnkún tó kanlẹ̀, ta la fẹ́ pè ní olùfiránṣẹ́ níbẹ̀?

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni tẹ́ẹ̀sì ọmọbìnrin kọkànlá yẹn wọlé, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ náà ló tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì kankan: "Anti e jo, ti won ba ni ka fun won ni example, se oko ni ki n ko abi oko?"

Mo wò ó títí. Mo kúkú pè é.