Ohun tó pa adùn Kingsway

Ẹ dárúkọ ilé ìtajà ńlá Kingsway fún ẹni tó ṣe ọmọdé l'Ékòó ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980, ẹ ó rí bí ojú ẹ̀ ṣe máa tàn. Ilé-iṣẹ́ UAC ló ni ín, ọdún 1948 ni wọ́n sì ṣí èyí tó wà ní Marina. Oòrùn ń jó èèyàn lóde. Kí ẹ ṣáà ti wọlé, atẹ́gùn tútù ti bò yín. Iye owó wà lára ọjà, kò sí pé à ń ná an. Ọmọ tó bá ti mọ nọ́ńbà kà á ti mọ̀ fúnra ẹ̀ bóyá owó ọwọ́ màmá rẹ̀ ká bèbí tójú ẹ̀ wà lára ẹ̀. Tó bá di Oṣù Kejìlá, Bàbá Kérésì á wà níbẹ̀, tọmọ tòbí á sì tò lọ rẹrẹẹrẹ.

Kingsway ti kógbá sílé báyìí. Àwọn kan ní àwọn èèyàn ò mọyì nǹkan tó dáa mọ́ ló fà á. Mi ò gbà. Ètò tó gbé ilé ìtajà náà ró ló já, ibi tó sì ti kọ́kọ́ já ni owó òkèèrè.

Ọjà Kérésì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá ní Oṣù Kọkànlá. Àárín ọdún ni wọ́n ti ń bèèrè fún ọjà náà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Báńkì á kọ́kọ́ dúró fún owó náà, ọkọ̀ á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí òkun, kọ́sítọ́ọ̀mù á yẹ ọjà wò l'Ápápá. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 1982, ìjọba Shagari ṣòfin tó fún ọjà òkèèrè lọ́rùn, ọ̀pọ̀ ọjà sì di èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì fún. Tí láísẹ́ǹsì bá fi oṣù méjì pẹ́, Kérésì á ti lọ kí bèbí tó dé, owó á sì há sínú ọjà tẹ́nì kankan ò ní rà. Ìgbà yẹn náà làwọn aráàlú ń tò fún èsẹ́ǹkò: mílíìkì, ìrẹsì, ọṣẹ.

Nígbà tí wọ́n fagi lé láísẹ́ǹsì ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, náírà ló tún já wálẹ̀. Lọ́dún 1985, dọ́là kan ò tó náírà kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ta dọ́là ní gbàǹjo, ó lé ní náírà mẹ́rin àtààbọ̀. Bèbí olówó dọ́là 10, tí kò tó náírà 10 tẹ́lẹ̀, di náírà 46, kí wọ́n tó fi owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè lé e. Náírà 125 sì ni owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà. Ibo ni òbí ti fẹ́ rí i?

Ìṣòro iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Ilé ńlá tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀rọ amúlétutù kì í ní fèrèsé tó tó. Tí NEPA bá ti mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, ooru á gba ibẹ̀ kíá. Ṣokoléètì ò sì ní sùúrù: kí ooru tó dé ìwọ̀n 34 Celsius, ó ti ń yọ́. Tí iná bá dé tó tún dì, ara ẹ̀ á funfun, bíi pé wọ́n da eérú sí i. Kò bàjẹ́, ó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ta ló máa fowó gidi ra ṣokoléètì tó funfun? Ọjà Bálógun ò sì jìnnà, níbi tí ìyá ọlọ́jà ò ti ní owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ láti san, tí ẹ sì lè ná ọjà.

Ohun kan yè nínú gbogbo ẹ̀. Ilé kọfí inú Kingsway, tí wọ́n sọ ní Kingsway Rendezvous lọ́dún 1973, ni UAC sọ di ilé oúnjẹ Mr Bigg's ní 1986, ọdún tí náírà já yẹn gan-an. Mítì páì ò dúró de ọkọ̀ ojú omi: ẹ lè yan án láàárọ̀, kí ẹ sì tà á tán kílẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn ò fojú rí Kingsway rí fi mọ Mr Bigg's dunjú.