Ó ti gbẹ jù

Òkèlele, Ìlọrin. Alẹ́ Jímọ̀.

Amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo fi kànìnkànìn fọ ọwọ́, mo ṣe àlùwàlá Ìṣáì, mo tún wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọlọ́run á gba ìrun náà bẹ́ẹ̀. Nínú ilé yìí kì í ṣe ohun àjèjì, amọ̀ ló tọ́ wa dàgbà. Èmi ni mo sá fún un láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kí n tó sùn, torí mo mọ ara mi, tílẹ̀ bá mọ́ màá ti gbàgbé èyí tó dùn jù níbẹ̀.

Ó pé oṣù méje tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Ìyá ṣubú. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lórí ẹní, àwo kàn yọ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn náà sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tẹ̀lé e. Àtìgbà náà, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ tiwọn mọ́. Ẹsẹ̀ ti ń gbìyànjú; wọ́n lè di ògiri mú dé ẹnu ilé ìwẹ̀ báyìí. Ọwọ́ ni kò dáhùn. Ọ̀rọ̀ sísọ náà lọ. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé apá òsì ọpọlọ ni nǹkan ti bàjẹ́, pé ibẹ̀ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ ń gbé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹnu fi jọ lọ. Ohun gbogbo wá di "hẹn-ẹn". Ebi, hẹn-ẹn. Òùngbẹ, hẹn-ẹn. Tí inú bá ń bí wọn, hẹn-ẹn tó gùn.

Ẹni tó ń ṣe físíò fún wọn fún wa ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan. Ó ní kí Ìyá máa fún un nígbà ọgbọ̀n láàárọ̀, nígbà ọgbọ̀n nírọ̀lẹ́, torí ọpọlọ ń kọ́ ọ̀nà tuntun ni, àṣetúnṣe ló sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ìyá wo bọ́ọ̀lù náà bí ẹní wo ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo yọ ọ́, wọ́n tún jù ú. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jù ú o, ó sì máa ń jìnnà.

Ti ìsọ̀ mi ní Gáà Àkànbí, mi ò fẹ́ sọ ọ́ lọ títí. Onílé gbé owó ìsọ̀ láti ₦180,000 sí ₦350,000. Owó oògùn ti jẹ èyí tí mo tọ́jú. Mo kó jáde lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Kíkó jáde kọ́ ló dùn mí tó bí mo ṣe ń to páálí mílíìkì àti ṣúgà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lójú àwọn oníbàárà mi, tí ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ ta ohun tó kù ní gbàǹjo.

Àwọn èèyàn ní "Ọlọ́run mọ̀ ọ́n." Mo mọ̀ pé Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń wá ni ohun tí Ó fẹ́ ṣe sí i. Ẹ má bínú sí mi, bó ṣe wà lọ́kàn mi ni mo ń kọ ọ́. Mi ò pa ìrun kankan jẹ láti oṣù méje yìí, ṣùgbọ́n mò ń kí i bí ẹní ń san gbèsè oníwàhálà. Ní ìforíkanlẹ̀, àdúà kan ṣoṣo: ìsọ̀, Ọlọ́run, ìsọ̀. Mi ò tọrọ ọwọ́ Ìyá mọ́. Mi ò mọ ọjọ́ tí mo dáwọ́ rẹ̀ dúró gan-an. Ìyẹn ni mò ń tijú rẹ̀ jù lálẹ́ yìí.

Láàárọ̀ òní, mo ní kí n wá àyè fún àwọn páálí, torí wọ́n ti dí pálọ̀. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé tí Ìyá máa ń kó ìkòkò sí kó tó di ọjọ́ ọjà. Kò sẹ́ni tó ṣí i láti oṣù méje. Eruku, òwú aláǹtakùn, ìkòkò àgbà kan tó dojú délẹ̀, àti bàsíà ńlá kan ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú àti àpò wé. Mo tú u wò. Amọ̀. Èyí tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti pò, fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dé. Òkè rẹ̀ ti le koko, ó ti là, ṣùgbọ́n ọ̀rá ti dáàbò bo inú rẹ̀ díẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sí ààtàn.

Ìyá wà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bà wọ́n. "Hẹn-ẹn!" Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, Ìyá, mò ń bọ̀." "Hẹn-ẹn!" Wọ́n fi ọ̀pá lulẹ̀. Èmi náà ti rẹ̀, ó ti ń gbóná sí mi lára. Mo yíjú padà, mo ní, "Ìyá, ta ló tún fẹ́ mọ ọ́n?"

Mi ò ní kọ bí ojú wọn ṣe rí.

Mo gbé bàsíà náà padà, mo gbé e síwájú wọn bí ẹní ń gbé oúnjẹ fún àgbà tó ń bínú. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ká ọ̀rá. Wọ́n fi ìka tẹ amọ̀ náà níbí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n sì sọ ọ́ kedere, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi máa ń bá mi wí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá tí mo bá ṣe iṣẹ́ jákujàku:

"Ó ti gbẹ jù."

Oṣù méje mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá mi. Ìgbà tó jáde, ìbáwí ni.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ìdí ẹ̀rọ omi. Mo bu omi sí i, mo fi òkúta fọ́ èyí tó le, mo ń pò ó. Amọ̀ tí iná ò bá tíì rí, bó gbẹ títí, omi á dá a padà. Ìyẹn ni wọ́n kì í fi í dà á nù. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo kàn gbàgbé ni. Nígbà tó rọ̀, Ìyá fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn, rọra, bí ẹní ń gbé ọmọ tó ti sùn, wọ́n gbé e lé orí amọ̀. Wọ́n di ẹnu. Iṣan ọrùn wọn yọ. Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n fi igbọ̀nwọ́ tì mí dànù.

Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, ojú ìka mẹ́ta wà lára amọ̀ náà. Ọ̀kan jìn, méjì kàn hàn fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Àtàǹpàkò ò ṣe nǹkan kan, ìka kékeré ò ṣe. Mo fi ìka tèmi bọ inú èyí tó jìn, ó gbà á dé ìdí èékánná.

Wọ́n tún ṣe é, wọ́n tún ṣe é. Mi ò kà á, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ju ọgbọ̀n lọ. Èmi náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní tèmi, a jókòó síbẹ̀ títí àwọn ọkùnrin àdúgbò fi ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀. Mi ò gbé nǹkan kaná.

Ìyá ìyá mi ló kọ́ wọn ní iṣẹ́ ìkòkò, ní Dada, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Òkèlele níbí. Wọn kì í lo ẹ̀rọ. Wọ́n á tẹ́ amọ̀ pẹrẹsẹ sí ìdí ìkòkò àtijọ́ tó dojú délẹ̀. Tó bá ti mú ara díẹ̀, wọ́n á ṣí i kúrò, wọ́n á máa fi amọ̀ gígùn bí ejò kún un lókè. Ìkòkò kì í yí, àwọn ni wọ́n ń yí i po, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn, lórí ìbẹ̀rẹ̀, odindi ọjọ́. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi igi àti koríko sun ún ní gbangba, wọ́n á sì da omi èèpo irúgbá sí i lára bó ṣe gbóná, kó lè dúdú kó máa dán. Ìyá fẹ́ràn láti máa sọ ti ọdún 1981, tí Ààrẹ Shagari wá ṣí mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ńlá, bí ọjà ṣe tà fún wọn lásìkò náà. Èmi, èéfín rẹ̀ ni mo kórìíra. Ó máa ń wà nínú irun mi ní iléèwé. Ìdí tí mo fi lọ ń ta mílíìkì nìyẹn.

Nínú Súúrà Alam Naṣrah, ẹ̀ẹ̀mejì léraléra ni Ọlọ́run sọ pé ìrọ̀rùn wà pẹ̀lú ìnira. Láti ilé-kéwú ni mo ti ń kà á, "lẹ́yìn ìnira" ni mo sì ń gbọ́ ọ sí lọ́kàn. Lónìí mo lọ ṣí i wò. "Pẹ̀lú" ló wà níbẹ̀.

Tí onílé yẹn bá ti gba ₦180,000 lọ́wọ́ mi ni, Gáà Àkànbí ni mi ò bá wà láàárọ̀ yìí, ọmọ aládùúgbò ni ì bá máa ṣọ́ Ìyá, yàrá yẹn ì bá sì wà ní títì. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, bó ṣe rí nìyẹn. Mi ò tíì lè ṣàdúà fún un ṣá o. Ká má parọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí ọmọ mi dé láti iléèwé, ó rí ohun tí a mọ, ohun kan tó wọ́, tó ní ojú ìka káàkiri. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé abọ́ ológbò ni?" Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí mi. Èmi ló mọ ọ́n, wọn ò fẹ́ kó sí lórúkọ àwọn.

Páálí ṣì wà ní pálọ̀. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì ẹnì kan kan ilẹ̀kùn fún ṣúgà ₦500, mo ní láti gun orí ọjà kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́la màá lọ bi àwọn ìyá ní Dada iye tí wọ́n ń ta amọ̀ báyìí.

Ìyá ò gbà kí bàsíà náà sùn síta. Mo fi àpò tútù bò ó, mo bẹ̀rẹ̀ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó kọlu nǹkan kan níbẹ̀. Mo nawọ́ sí i, bọ́ọ̀lù rọ́bà ni. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.