Kí Wọ́n Tó Sun Igbó, Ẹ Ti Dí Ihò Ilé

Bí eku bá ń pọ̀ nínú ilé nígbà ọyẹ́, ọyẹ́ kọ́ ló ń bí wọn. Láti oṣù kọkànlá, wọ́n á ti máa kórè ọkà bàbà àti iṣu, koríko á gbẹ, àwọn ọdẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun igbó. Eku tí oúnjẹ àti ibùgbé bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa sá wọ̀, ejò á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń gbé létí igbó, ì báà ṣe lẹ́yìn Tankẹ ní Ìlọrin tàbí ní Òmù-Àrán, kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tó bá rí èéfín. Ìparí oṣù kẹwàá, tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni kí ẹ ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ sáré ra òògùn eku. Eku tó jẹ ẹ́ lè kú sórí sílìńgì, kí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ihò tó gbà wọlé á sì ṣí sílẹ̀ de òmíràn. Ihò ni kí ẹ bá wí.

Lálẹ́, ẹ pa gbogbo iná. Kí ẹnì kan máa tan tọ́ọ̀ṣì yí ilé ká níta, kí ẹlòmíràn máa wò láti inú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ihò tí bíírò bá lè wọ̀, ọmọ èkúté lè gbà á. Ẹ wo ibi tí wáyà iná gbà wọlé, ibi tí páìpù ilé ìdáná gbà jáde, àti òkè ògiri níbi tí páánù tó rí gbágungbàgun ti fi àlàfo sílẹ̀. Òkè ògiri yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ̀ka igi tó bá sún mọ́ òrùlé, ẹ gé e kó jìnnà tó mítà kan ó kéré tán.

Ẹ fi kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò dí inú ihò ṣinṣin, kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Bí kò bá sí irin nínú rẹ̀, eku lè gbẹ́ símẹ́ǹtì tútù jáde lóru. Kóńgò símẹ́ǹtì 1 sí kóńgò yanrìn 3 ni kí ẹ pò. Tí ọyẹ́ bá ti dé, omi inú àpòpọ̀ náà máa ń tètè gbẹ kó tó le, ó sì máa ń bó jáde tàbí kó sán yíká etí. Nítorí náà, ẹ wọ́n omi sí ojú ihò kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 3. Símẹ́ǹtì kì í di ilé alámọ̀ mú. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé náà ni kí ẹ fi koríko gígé pò, kí ẹ fi dí i.

Pákó ilẹ̀kùn máa ń súnkì nígbà ọyẹ́, àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì fẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, ẹ gba túúbù táyà àlòkù lọ́wọ́ fọ́kánáísà, kí ẹ gé e ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10, kó gùn tó ilẹ̀kùn. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ lé e kí ẹ tó kan ìṣó. Bí ìṣó bá wà lórí rọ́bà lásán, ibẹ̀ gan-an ló máa ya.

Ihò kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sílẹ̀ títí di ìgbẹ̀yìn. Ẹ fún bébà sínú rẹ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá jí tí bébà ti bọ́ sílẹ̀, eku ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ dẹ pàkúté sẹ́bàá ògiri pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ògiri, torí etí ògiri ni eku ń gbà, kì í gba àárín yàrá. Nígbà tí bébà bá dúró fún alẹ́ mẹ́ta, ẹ dí ihò náà.

Nípa ìgbẹ́ eku, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè lẹ́yìn tí wọ́n rí i níbẹ̀ ní 1969, ń gba ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan mú èèyàn, ó sì máa ń pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ife jík 1 pọ̀ mọ́ ife omi 9, ẹ wọ́n ọn kó rin, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó nù ún. Ẹ má pò ó mọ́ ohun ìfọṣalángá, èéfín wọn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Gààrí, ìyẹ̀fun àti èlùbọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ike tó lómọrí, kì í ṣe nínú àpò tí eku lè ya. Ẹ̀wà ni ọ̀rọ̀ wà fún jù. Ẹ dẹ́kun wíwọ́n òtapiápiá sí i! Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ dà á kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, ẹ dé e pinpin, ẹ má ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kòkòrò inú rẹ̀ á lo atẹ́gùn tó kù tán, á kú. Kẹ́ẹ̀gì tó kún dé ìdajì kò lè ṣe é, torí atẹ́gùn ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ NSPRI, tó ń ṣèwádìí nípa irè oko tí a kó pamọ́, ní olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin níbí. Ẹni tó ní ọkà púpọ̀ lè lọ bá wọn.

Ẹ̀fọn kì í tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú dúrọ́ọ̀mù tí a fi pọn omi pamọ́ ló ń yé ẹyin sí. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ tú omi rẹ̀ dànù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú rẹ̀, torí ẹyin irú ẹ̀fọn kan máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, kò sì kú bó tilẹ̀ gbẹ fún oṣù mélòó kan.