Bí mo ṣe fi Mag ṣòfò: ohun tójú mi rí nínú Phantasy Star Online

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Phantasy Star Online, yálà ẹ̀rọ géèmù Dreamcast àlòkù lẹ rí rà ni o tàbí GameCube, ẹ fara balẹ̀ ká sọ̀rọ̀, torí mo ti jìyà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Mo fẹ́ràn géèmù yìí débi pé ó ti sú àwọn ará ilé mi láti máa pè mí wá jẹun. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ó máa ń bí mi nínú gan-an, èyí tó wá ń yà mí lẹ́nu jù ni pé ibi tó ti dùn gan-an, ibẹ̀ náà ni kòkòrò wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe dàgbà tó ná. Ìparí ọdún 2000 ló jáde ní Japan, ó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001, Sonic Team ti Sega ló ṣe é, Yuji Naka ló ṣáájú wọn. Láyé ìgbà yẹn ẹni tó bá fẹ́ gbá irú géèmù báyìí pẹ̀lú èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà ló máa lọ wá, àmọ́ Dreamcast ní módẹ̀mù nínú ara ẹ̀, ẹ ṣáà ti so ó mọ́ wáyà tẹlifóònù. Nítorí náà ẹ má retí ayé ńlá kan tẹ́ ẹ ó máa rìn kiri inú ẹ̀ o. Ibi mẹ́rin péré ló wà nínú ti àkọ́kọ́, Forest, Caves, Mines àti Ruins, ó parí. Ẹ wọ yàrá kan, ilẹ̀kùn tì, ẹranko yọ, ẹ pa wọ́n tán, ilẹ̀kùn ṣí, ẹ bọ́ sí yàrá kejì. Tẹ́ ẹ bá wá pa Dark Falz, ọ̀gá àwọn ẹranko tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ rò pé ẹ ti ṣe tán, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà lọ sí Forest, ní ìpele Hard tó le jù, lẹ́yìn ẹ̀ ní Very Hard, igbó kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, ẹyẹ Rag Rappy kan náà tó máa ń díbọ́n bí òkú tẹ́ ẹ bá lù ú tán, ẹ gbójú kúrò báyìí, ó dìde ó sá lọ. Ver. 2 tó jáde ní 2001 fi Ultimate kún un, ó sì gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì láti 100 dé 200, àmọ́ ilẹ̀kùn ṣì ni ilẹ̀kùn.

Kí ló wá ń mú èèyàn jókòó tì í? Ìjà ẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹ ò lè máa tẹ bọ́tìnnì wìtìwìtì bí ẹni tí eṣú wọ oko ẹ̀ o, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ lè kọlù lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní àkókò tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń lùlù ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí idà balẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Èyí tó wúwo máa ń dunni jù àmọ́ ó tètè máa ń tàsé, torí náà èmi máa ń fi méjì fúyẹ́ kí n tó fi ẹ̀kẹta wúwo. Ó gbà mí tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n, àtìgbà yẹn mi ò kì í ronú sí i mọ́.

Èkejì ni àwọn èèyàn, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ lè jọ wọlé pa pọ̀, Hunter ń fidà, Ranger ń yìnbọn, Force ń ṣe oògùn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Word Select, ẹ máa ṣa gbólóhùn tó ti wà nílẹ̀, géèmù fúnra ẹ̀ á túmọ̀ ẹ̀ sí èdè ẹni tó ń kà á, èdè márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, títí kan ti Japan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti Force kan tó jẹ́ ará Japan la jọ ń bá De Rol Le jà, kòkòrò ńlá inú omi ìsàlẹ̀ Caves yẹn, lórí pákó tó ń sáré lórí omi. Mo kú. Ó fi Moon Atomizer jí mi. Mo tún kú. Ó tún jí mi, ó wá ṣa gbólóhùn kan jáde, "Má sún mọ́ ọn." Ẹ̀rín pa mí débi pé mo kú lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò gbọ́ Japanese, bóyá lòun náà gbọ́ ohunkóhun tí mo ń sọ nílé mi, síbẹ̀ a jọ gbá a tó oṣù mẹ́ta.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú géèmù yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ló ni ín. Kò sí pé tèmi tìrẹ. Tí àpótí pupa bá jábọ́ nínú ti GameCube, ẹ mọ̀ pé nǹkan olówó iyebíye ló wà nínú ẹ̀, ẹ ó rí i pé gbogbo ìjà á dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kálukú ń wo kálukú. Lọ́jọ́ tèmi, nínú Ruins, mo ti wà nítòsí ẹ̀ gan-an, ọwọ́ mi wá lọ tẹ bọ́tìnnì ìkọlù dípò tàgbígbé, mo dúró mò ń jù idà sáfẹ́fẹ́ bí ọ̀dẹ̀. Ẹnì kan tó ti wà lẹ́yìn látàárọ̀ ló sáré wá gbé e, ó tú Telepipe, ohun tó ń ṣílẹ̀kùn padà sílé, ó bọ́ sínú ẹ̀, mi ò rí i mọ́ dòní. Lórí Dreamcast tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá kú, ohun ìjà ọwọ́ yín á bọ́ sílẹ̀, olè lè gbé ìyẹn náà. Inú mẹ́mórì káàdì yín lẹni tẹ́ ẹ ń gbá wà, kì í ṣe lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà Sega tó so gbogbo yín pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ káwọn oníjìbìtì rọ́nà máa fi ayédèrú tú ohun tó ṣọ̀wọ́n jáde bí omi. Ohun táwọn kan fi oṣù mẹ́fà wá, ẹlòmíì á da mẹ́wàá sílẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbà á. Ẹ fi password sí yàrá yín, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín nǹkan kẹ́ ẹ tó jáde kúrò ní Pioneer 2, ọkọ̀ òfurufú tẹ́ ẹ ti ń gbéra.

Orúkọ ńkọ́? A máa ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ, níbí ojúlówó ni o. Orúkọ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sọ ẹni tẹ́ ẹ ń gbá ló ń pinnu Section ID, àmì tí géèmù máa fún un, mẹ́wàá ló wà, Section ID ló sì ń pinnu irú nǹkan tí ẹranko máa já sílẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ẹni tó ṣí yàrá ni wọ́n ń lò. Èmi fi orúkọ ìnagijẹ mi sí i láìwo nǹkan kan, ID mi ò wá bá ohun tí mò ń wá mu rárá, mo wá di ẹni tí ń bẹ ẹlòmíì pé kó bá mi ṣí yàrá. Ẹ wò ó ṣáájú.

Ó ku Mag, ohun kékeré tó ń fò léjìká yín, tó ń fi agbára kún yín. Oúnjẹ mẹ́ta lẹ lè fún un lẹ́ẹ̀kan, tó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ ebi á tún pa á. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ò kọjá 200, ó sì pín in sí mẹ́rin, DEF (ààbò), POW (agbára ìkọlù), DEX (bí ìkọlù ò ṣe ní tàsé), MIND (agbára oògùn), oúnjẹ tẹ́ ẹ bá fún un ló ń pinnu èyí tó máa ga. HUcast lèmi ń gbá, róbọ́ọ̀tì ni, kò lè ṣe oògùn láyé, kí ló kàn án pẹ̀lú MIND? Èmi ni mò ń kó gbogbo Monofluid, ohun mímu àwọn tó ń ṣe oògùn, tí mi ò nílò fún un, mo ní kó má ṣòfò. Ìgbà tí mo máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, MIND ti lé ní ogójì, kò sì sóhun tó lè yọ ọ́. Ogójì lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí ò wúlò fún nǹkan kan! Mo jù ú sínú báńkì, mo bẹ̀rẹ̀ òmíì látòdo.

Sega ti pa sáfà ti GameCube láti 2007, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ ló ń fi sáfà tiwọn gbé e ró báyìí, ibẹ̀ náà lẹ ó ti bá mi. Mag mi tuntun ti wọ 140, MIND ẹ̀ òdo ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ ti pé látìgbà tí mo ti ń kọ eléyìí, ẹ jẹ́ n lọ fún un ní Monomate.