Oníṣọ́ọ̀bù tí ò jẹ ọjà ara ẹ̀ mọ́

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú, ọjà ni, ọmọ ni, iná tó ń ṣe ségesège ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé pirofíṣọ̀n ni mò ń tà ní Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí níbí. Núdùùsì, bisikíìtì, mílíìkì inú ọ̀rá, kọ́sítáàdì, ẹlẹ́rìndòdò, màgí, sadíìnì, ẹ máa kà á lọ. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù yẹn wà, ilẹ̀kùn kan péré ló wà láàárín òun àti pálọ̀ wa, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá jí tí mi ò tíì dáná, á ṣílẹ̀kùn, á fa núdùùsì méjì yọ nínú páálí, ó parí. Èmi náà ni mo kọ́ wọn, torí mo máa ń sọ pé ṣebí ọjà wa ni, kò sówó tó jáde lápò. Owó ń jáde kẹ̀! Ìgbà tí mo bá fẹ́ lọ kó ọjà tuntun tí owó ò pé ni mo máa ń ranjú mọ́ ọmọ tó ń bá mi tajà, ọmọ ọlọ́mọ ò sì mú kọ́bọ̀.

Bàbá àwọn ọmọ ló jẹ́ ká lajú. Tíṣà ni. Wọ́n ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò kan wá, nọ́ọ̀sì we nǹkan mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wo nọ́ńbà, ó ní sà, ẹ jókòó díẹ̀ ná, ká tún un ṣe. Ó tún un ṣe, 158 lókè, 96 nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ó wá bi í pé kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí sà, ó ní búrẹ́dì pẹ̀lú sadíìnì. Alẹ́ àná ńkọ́? Núdùùsì. Ọ̀sán àná? Ọkọ mi ní ibẹ̀ yẹn ni ẹ̀rín ti pa òun, torí núdùùsì náà ni, wọ́n kàn fọ́ ẹyin sí i ni. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀yìn ọjà mi, ohun tí mi ò ṣe rí látìgbà tí mo ti ń tà á. Bí wọ́n ṣe ń kọ èròjà sára ọ̀rá àti agolo, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń dín kù. Ọ̀kan nínú tíì oníkòkó tí mò ń pò fáwọn ọmọ kí orí wọn lè jí fún ìwé, ṣúgà ló ṣíwájú ńbẹ̀. Mílíìkì inú ọ̀rá kékeré, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé òróró ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá wàrà inú ẹ̀. Kọ́sítáàdì, sítáàṣì àgbàdo ni, wọ́n wá fi àwọ̀, òórùn àti iyọ̀ sí i. Èyí tí mò ń pè ní júùsì, àwọn tó ṣe é gan-an ò pè é ní júùsì, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Ẹlẹ́rìndòdò ìgò 50cl kan, ṣúgà inú ẹ̀ lé ní gíráàmù 50, ìyẹn tó ṣíbí tíì méjìlá, WHO (àjọ ìlera àgbáyé) sì ní kí ṣúgà tí àgbàlagbà máa jẹ lóòjọ́ má ju nǹkan bíi 50 yẹn náà lọ, tó bá lè mọ ní 25 ló dáa jù. Ìgò kan ti gba gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣe.

Ó wá ku màgí (gbogbo ẹ̀ là ń pè ní màgí, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é). Ẹyọ kan tó nǹkan bíi gíráàmù 4, iyọ̀ ló sì kó ju ìdajì ẹ̀ lọ. Mẹ́fà ni mò ń fọ́ sí ìkòkò ọbẹ̀ kan. Iyọ̀ inú màgí nìkan ti lé ní gíráàmù 12, kí n tó wá bu iyọ̀ gangan sí i, kí ẹnikẹ́ni tó já ọ̀rá aláta inú núdùùsì, kó tó kan búrẹ́dì, WHO sì ní kí iyọ̀ ẹnì kan má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan. Mo ṣírò ẹ̀ sára páálí, mo jókòó sórí àpò ìrẹsì.

Ọkọ mi ní tó bá jẹ́ iyọ̀ nìkan ni, ká máa ju ọ̀rá aláta yẹn nù, ká máa jẹ núdùùsì wa lọ. Ó fẹ́ jọ òótọ́. Mo wá fi ìwádìí kan hàn án tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Kevin Hall, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2019. Wọ́n kó èèyàn 20 sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n fi oúnjẹ ilé iṣẹ́ bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi oúnjẹ tí wọ́n fọwọ́ sè bọ́ wọn fún méjì, iyọ̀, ṣúgà àti ọ̀rá tí wọ́n gbé síwájú wọn bára dọ́gba, kálukú ń jẹ ìwọ̀n tó wù ú. Lásìkò oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n ń fi nǹkan bíi kálórì 500 jẹ jù lóòjọ́, ara wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kílò kan wúwo sí i, nígbà tó kan oúnjẹ gidi ó tún lọ. Tíṣà ní èèyàn 20 kéré. Òótọ́ ni, àwa mẹ́fà la wà nílé yìí, ihò bẹ́líìtì ẹ̀ sì ti sún síwájú lẹ́ẹ̀mejì.

Mo wá ṣe wèrè. Ní Mọ́ńdè kan báyìí mo fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó wọlé, mo se ẹ̀gúsí pẹ̀lú ìṣápá, màgí kankan ò wọ ibẹ̀, mo ro ọkà lé e lórí, mo pe gbogbo wọn jókòó, mo tiẹ̀ gbàdúrà gígùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àkọ́bí mi fọwọ́ tọ́ ọ wò, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọbẹ̀ yìí ń sùn ni?" Bàbá wọn ní òun fẹ́ lọ kí ẹnì kan lágbègbè, ìgbà tó máa fi dé, ó fi igi ìtayín sẹ́nu.

Ìyá ọkọ mi ló gbà mí. Ìyé la máa ń pè é, láti ọ̀nà Ìyámoyè ló ti wá kí wa, ó di irú sínú ewé, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbé ọbẹ̀ yẹn síwájú ẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ta ló sọ fún ẹ pé kéèyàn mú màgí kúrò kó má fi nǹkan kan dí àyè ẹ̀? Ó wọ kíṣìnnì fúnra ẹ̀. Ó da epo pupa sínú ìkòkò, ó gé àlùbọ́sà sí i, ó dúró tì í títí tí etí àlùbọ́sà yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ṣan irú lómi méjì, ó dà á sí i, ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kó lè tú, kí ó tó da ata sí i. Edé gbígbẹ tí mo ní nílé, gbogbo ẹ̀ ló gún sínú ẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ilé gba òórùn. Ó ní màgí yẹn, já wọn lẹ́nu ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, ta ló ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ní ọjọ́ kan? Bí mo ṣe wá ṣe é nìyẹn, mẹ́fà di márùn-ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó di mẹ́rin, ẹnì kankan ò fura. Báyìí ẹyọ kan ni, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ò tiẹ̀ rí i mọ́. Ọmọ mi kejì ń ráhùn pé ilé ń rùn irú táwọn ọ̀rẹ́ òun bá wá. Kó ṣí fèrèsé.

Ohun tí mo torí ẹ̀ jókòó kọ èyí gan-an rèé o. Tí mo bá ka ọ̀rọ̀ oúnjẹ aṣaralóore lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó kọ ọ́ á máa sọ ọ́ bí ẹni pé a ò mọ oúnjẹ gidi. A mọ̀ ọ́n jàre! Àárín oko la wà. Ẹ jáde ní Kàbà, ẹ forí lé ọ̀nà Ìyàrá tàbí ọ̀nà Ìsánlú, iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà ló wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàrà kiri, ewúro wà lẹ́yìnkùlé mi tí ewúrẹ́ ń bá mi jẹ, tí kajú bá tó àsìkò à ń yọ hóró ẹ̀ tà, à ń jẹ́ kí èso ẹ̀ jẹrà sílẹ̀. Oúnjẹ ò jìnnà sí wa. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mi ò ní. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní aago méje kọjá díẹ̀, oníbàárà ti ń kan ilẹ̀kùn fún búrẹ́dì, ẹ̀wà lórí èédú á gba wákàtí kan ó lé, núdùùsì á gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin máa gbé.

Torí náà kì í ṣe oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀, fíríìsà ni. Fíríìsà ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ń mú ẹlẹ́rìndòdò tutù, mo kó àwọn ìgò sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gba ẹ̀gbẹ́ kejì fún ilé. Alẹ́ Fúráìdè ni ẹ̀wà ń wọ omi. Àárọ̀ Sátidé mo da omi yẹn nù, mo bọ̀ ọ́ díẹ̀, mo tún da ìyẹn nù (ẹ̀yin tí inú ń kùn fún látàrí ẹ̀wà, ẹ gbìyànjú ẹ̀), mo wá sè é kó rọ̀, mo dì í sínú ọ̀rá, oúnjẹ ìgbà kan, ọ̀rá kan. Mọ́ínmọ́ín náà bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé, mo kàn gbé e kaná, epo, ata, ó di kíá. Ẹ̀wà tí mò ń rà báyìí, tí mo bá rí kòkòrò kan tàbí méjì tó ń rìn nínú ẹ̀ inú mi máa ń dùn, torí èyí tí kòkòrò ò jẹ́ sún mọ́ rárá, mo ti ń bi ara mi pé kí ni wọ́n dà sí i.

Ògì bàbà la fi rọ́pò kọ́sítáàdì. Ọkà á wà lómi ọjọ́ mẹ́ta, mo ṣàn án, mo ju atalẹ̀ àti kànáfùrù sí i, àkọ́bí mi á gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, a sẹ́ ẹ lálẹ́, ó sílẹ̀ dàárọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní ó kan. Ṣé ògì wà tí kì í kan ni? Ṣúgà tí wọ́n ń bù sí i ni mo wá ń ṣọ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ tún bọ́ sí ibi tá a ti ń bọ̀.

Kò lọ geere o. Ìgbà kan iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ̀wà ọ̀sẹ̀ kan hó yeye nínú ọ̀rá, mo dà á fún ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò, ọ̀sẹ̀ yẹn núdùùsì la jẹ, mi ò purọ́. Owó náà ńkọ́, àwọn tó ń sọ pé oúnjẹ gidi dínwó, ẹ bá mi bi wọ́n pé èló ni kóńgò ẹ̀wà, èló lẹja. Owó tá a fi ń ra bisikíìtì tẹ́lẹ̀ ló lọ síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu ni. Ọmọ mi obìnrin ńkọ́, mo ń di mọ́ínmọ́ín fún un lọ síléèwé, abọ́ ń padà wá mọ́ nini, inú mi ń dùn, àṣé ó ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ bisikíìtì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo bi í pé mélòó ni wọ́n ń fún un, ó ní ẹyọ méjì fún mọ́ínmọ́ín kan. Mo ní ọmọ oníṣọ́ọ̀bù, o jẹ̀bi, o tún tà á lọ́pọ̀.

Tíṣà lọ wọn apá ẹ̀ lóṣù tó kọjá, 138 lórí 88. Ó ṣì ń lo oògùn ẹ̀ o, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ dá a dúró, ẹ má lọ torí ìṣápá ju oògùn yín nù.

Mo ṣì ń ta núdùùsì. Ẹnì kan ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ojú ò tì mí, mo ní owó iléèwé ọmọ mẹ́rin ńkọ́. Lánàá, àbíkẹ́yìn mi gba iwájú wọlé bí oníbàárà, ó lo owó tí Ìyé fún un, ó nà án sí mi, ó ní, "Ẹ kú ọjà mà, ẹ ta núdùùsì kan fún mi." Mo wò ó títí. Mo tà á fún un, mo fún un ní ṣéńjì ẹ̀.