Kọ́ńbì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Ẹ má bi mí bí ìkómọ ṣe lọ. Ọmọ ti jẹ́ orúkọ, àwọn èèyàn ti jẹ ìrẹsì, ṣùgbọ́n títí di àárọ̀ yìí, bí mo bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ omi nínú ilé, ńṣe ni gbogbo ẹ̀yìn mi ń sú hìhì.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń ka ìwé bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń gbé omi ilé kaná, nígbà tí èyí tó wà nílé wa ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, dákẹ́. Mo di ọ̀jọ̀gbọ́n. N ó jókòó lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, abẹ á wà lórí mi, n ó máa ṣàlàyé kílówáàtì fún ẹni tó wá gẹrun rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọkùnrin tó wá wo ilé, tó fi káàdì Gas Safe, ìwé àṣẹ oníṣẹ́ gáàsì, kọ́rùn, ìbéèrè méjì péré ló bi mí: balùwẹ̀ mélòó, èèyàn mélòó? Mo ní balùwẹ̀ méjì, èèyàn mẹ́ta. Ó wo ikùn ìyàwó mi. Ó tún bi mí. Mo ní mẹ́ta.

Ọmọ Yorùbá, tí oyún oṣù mẹ́jọ wà nílé rẹ̀, ló ń ka èèyàn sí mẹ́ta!

Ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣe èyí tó ní táǹkì, pé bíi lítà 200 omi gbígbóná á máa wà nílẹ̀, a ó lè ṣí ẹ̀rọ méjì pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Kọ́ńbì ni mo fẹ́, èyí tí kò ní táǹkì, tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá ṣí ẹ̀rọ ló ń gbé omi kaná. Ṣé ká máa sè omi de ẹni tí kò tíì bọ́ṣọ ni? Òótọ́ tí n kò sọ fún un ni pé mo ti fojú sí kọ́bọ́ọ̀dù tí táǹkì àtijọ́ wà. Àpò gàrí Ìjẹ̀bú méjì ni mo ti fọkàn gbé síbẹ̀.

Inú oṣù kejì ni ìkómọ bọ́ sí. Màmá ìyàwó mi dé láti Òṣogbo, àwọn àǹtí dé, Bọ̀dá Manchester kó tọmọtìyàwó dé. Èèyàn 11.

Mo ti fi ọṣẹ para tán. Ọṣẹ dúdú tí Màmá gbé wá ni o, pẹ̀lú kànìnkànìn ilé. Mo ń hó láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo funfun bí òwú tó là lóko. Ìgbà náà ni Bọ̀dá wọ balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, tí Màmá sì ṣí omi ìkòkò ní kíṣìnnì. Kọ́ńbì mi kò lè mú ju bíi lítà 10 gbóná ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta. Tèmi kọ́kọ́ tín-ínrín bí òwú ìránṣọ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló bá tutù nini.

Mo ké, "Ẹ pa omi o!" Kò sẹ́ni tó gbọ́, torí Bọ̀dá ń kọrin.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi bọ́ílà sílẹ̀ ná. Kí lèèyàn ń fọ̀ lára fún ogójì ìṣẹ́jú? Ọkùnrin tí kò ní irun lórí! Ó kọ orin ọpẹ́, ó kọ ti ìrònúpìwàdà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ọmọ tuntun, omi gbígbóná mi ń dà lọ. Bẹ́ẹ̀, tí kọ́ńbì bá ń kaná ìwẹ̀, kì í ráyè ti rédíétọ̀ tó ń mú ilé móoru. Kó tó ṣe "Àmín", àwọn àǹtí ti wọ kóòtù lé aṣọ ẹbí.

Ojú ń ta mí. Mo ró ìnura, mo táràrà sọ̀kalẹ̀, ìfófòó ń tò tẹ̀lé mi lórí àtẹ̀gùn, àfi gbì, èmi àti pásítọ̀ tó tètè dé. Yorùbá tó ní kíkí fún gbogbo nǹkan! Ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú… ẹ kú…" Ó wá a tì. Ó ní, "Bàbá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ."

Màmá kò sọ nǹkan kan. Ó gbé kẹ́tùlù kaná, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa garawa kan yọ lẹ́yìn àpò gàrí, ó fi omi tútù là á, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò, ó ju ike kékeré sínú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ lọ wẹ̀."

Ìyàwó mi náà kò tíì bá mi sọ ọ́. Lálẹ́, nígbà tí àwọn àlejò ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ káàkiri pálọ̀, ó kàn nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ení, èjì, ẹ̀ta." Ó dúró níbẹ̀, ó ń wò mí.